Àpótí Irin Bàbá Oníkámẹ́rà: Àkọsílẹ̀ Bí A Ṣe Tún Káséètì Fídíò 37 Ṣe

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá

Ọwọ́ Màmá Oníkámẹ́rà ni a ti gba àpótí náà. Àpótí irin ni, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ máa ń rù lọ láyé ọjọ́un, ó sì ti wà lábẹ́ ibùsùn wọn láti ìgbà tí ọkọ wọn ti ṣaláìsí. Wọ́n ní kí a gbé e lọ, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé bí a kò bá rí nǹkan kan ṣe sí i, a kò gbọdọ̀ dá a padà, nítorí pé ojú àwọn kò ní gbà á láti rí i lórí ààtàn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, tí a jọ máa ń kọ̀wé tí a sì jọ máa ń ya fídíò nípa eré, sinimá àti ètò ìlú ládùúgbò wa nítòsí odò Kúdẹtì ní Ìbàdàn, ni a jọ gbé e. Ó wúwo ju bí a ti rò lọ.

Káséètì 37 ni a kà nínú rẹ̀. Bàbá Oníkámẹ́rà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àdúgbò ti máa ń pè wọ́n, ló ya gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún 1988 sí 2001, wọ́n sì fi bírò pupa kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀: ìkómọ, ìṣílé, ìsìnkú, ọdún eégún, eré tí àwọn òṣèré alárìnká wá ṣe nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, àti mẹ́fà tí wọ́n kọ “Ìpàdé Àdúgbò” sí. Mẹ́fà yìí gan-an ni ó gbà mí lọ́kàn. Ìbàdàn yìí ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí ó sì ń fi “àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” yangàn, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà kan ládùúgbò wa tó rántí ọjọ́ tí oníkámẹ́rà tẹlifíṣàn wá jókòó ti àwọn ará ìsàlẹ̀ odò níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí gọ́tà. Bàbá yìí nìkan ló ṣe é, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Ìyàwó wọn sọ fún wa pé ọkọ àwọn máa ń sọ pé òun ti jẹ owó ìkómọ gbogbo ojúlé tó wà níbẹ̀, nítorí náà, òun jẹ àdúgbò ní gbèsè.

Kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fi ọ̀bẹ kékeré ṣẹ́ ike pẹlẹbẹ tó wà ní igun ẹ̀yìn káséètì kọ̀ọ̀kan. Ike yìí ni ẹ̀rọ fi máa ń mọ̀ bóyá a gbà á láyè láti gba nǹkan mìíràn sórí káséètì náà. Bí ó bá ti ṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì pupa kí ó sì pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ìṣọ́ra yìí ti pẹ́ jù fún káséètì kan ó kéré tán, n ó sì dé orí ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni mo pín wọn. 22 mọ́ tónítóní, okùn wọn sì ń dán bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n. 10 ti bu: bí a bá wò wọ́n láti ojú fèrèsé ike wọn, a ó rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó hù sí etí okùn tí a ká. Okùn 4 ti já. Ọ̀kan tó kù ti yọ́, bóyá nítorí pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ lójú oòrùn, n kò sì bá a fa wàhálà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó bu fi bà mí lẹ́rù ju àwọn tó já lọ. Okùn inú káséètì onírú wákàtí 3 gùn tó nǹkan bí mítà 258, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ìdajì íǹṣì lọ. Àwòrán ló gba àárín rẹ̀, ní àwọn ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ohùn wà ní tẹ́ẹ́rẹ́ ní etí òkè. Àmì tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí ìlà àwòrán kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sì wà ní etí ìsàlẹ̀. Láti etí ni ọ̀rinrin sì máa ń wọlé. Ìyẹn ni pé kí àwòrán tó bàjẹ́, ohùn á ti kú. Ẹni tó bá rí ìkómọ láìgbọ́ ohùn kò pàdánù púpọ̀, nítorí pé ó kúkú mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ni a rí níbẹ̀? Àwọn àgbàlagbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ẹnu wọn ń mì.

Ẹ̀rọ tó ń jẹ káséètì

Ẹ̀rọ fídíò Bàbá fúnra wọn ti lọ; wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan bá gba Queen Cinema lọ ní Èkótẹ̀dó. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé sinimá ló fún ibẹ̀ lórúkọ, àmọ́ ẹni tó bá sọ lónìí pé òun ń lọ sí Queen Cinema, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló fẹ́ lọ rà. Lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀yà ara rédíò ni a ti rí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ méjì, a sì san ₦25,000 lórí méjèèjì lẹ́yìn tí a ná an títí. Èrò wa ni pé a ó fi ọ̀kan tún èkejì ṣe. Bàbá náà kọ́kọ́ wò wá láti òkè délẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá orí wa pé.

Káséètì tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ni mo fi dán ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wò, mo sì dúpẹ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba káséètì náà wọlé, ó mú àwòrán jáde fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó dúró, ó sì pọ̀ ọ́ pẹ̀lú okùn tó ń fì jálá-jàlà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbé ayé ní ọdún 1990 sí 2000 mọ ohun tí èyí jẹ́: ẹ̀rọ náà ń jẹ káséètì.

Mo yọ wáyà iná rẹ̀, mo ṣí ìdérí òkè, mo tún fi iná sí i, mo wá ń fi tọ́ọ̀ṣì wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀rọ fídíò ti ń ṣe é ni pé ó máa ń fa okùn jáde nínú ilé rẹ̀, á wé e mọ́ àgbá irin kékeré kan tó ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí orí tó ń ka àwòrán sì wà lára rẹ̀; lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ apá kejì gbọ́dọ̀ máa ká okùn tí a ti kà tán. Nínú ẹ̀rọ tiwa, fífà ń lọ déédéé ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ìkákùn kò yí, ó kàn ń gbọ̀n. Okùn tí kò rí ẹni ká a bá ń dà sínú ẹ̀rọ, eyín àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké sì ń gé e jẹ.

Mo dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀, mo tú ìdè mẹ́jọ, mo sì rí ohun méjì. Bẹ́líìtì rọ́bà tó ń gbé agbára láti ara mọ́tò dé ibi kẹ̀kẹ́ ti fẹ̀, ó sì ń dán bí èyí tí a fi epo pa. Rọ́bà róbótó tó ń fara kan kẹ̀kẹ́ kí ó lè yí ti le bí èékánná. Mo ṣí ẹ̀rọ kejì kíákíá láti yọ tirẹ̀, tirẹ̀ sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọgbọ́n wa tí a fi ra méjì kò ràn wá lọ́wọ́ rárá níbi tí a gbójú lé.

Bàbá ti Queen Cinema ló kọ́ mi bí a ṣe ń wọn bẹ́líìtì. Mo ní láti fi òwú ìránṣọ yí gbogbo ọ̀nà tí bẹ́líìtì yóò gbà ká, kí n wọn òwú náà, kí n sì wá bẹ́líìtì tó kéré sí i díẹ̀, kí ó lè dì mú láìfún mọ́tò lọ́rùn. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà fún un lọ́rùn. Ohùn gbogbo ń fà bí ti ẹni tí oorun ń kùn, ọmọdé tó ń kọrin nínú fídíò ń dún bí àgbà ọkùnrin. Èkejì ló bá a mu. Ní ti rọ́bà róbótó, mo fi ìwé ìdángi ha ojú rẹ̀ díẹ̀, mo fi isopropyl, irú ọtí ìfọ̀rọ tí àwọn atúnrédíòṣe ń lò, nù ún, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bàbá wá ní kí n bọ́ ọ, kí n yí inú rẹ̀ síta bí ẹni yí ìbọ̀sẹ̀, nítorí pé inú kò tíì rí iṣẹ́ kankan ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, inú yẹn náà ló ń ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Nígbà tí mo fẹ́ fọ orí tó ń ka àwòrán, òwú ni mo mú. Ojú rẹ̀ dàbí ohun tó yẹ, ìdí nìyẹn tí n kò fi ronú lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́nrán òwú máa ń há sára orí náà, orí ọ̀hún kò sì nípọn ju irun lọ, ìfàgùn díẹ̀ ló lè ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá ti Queen Cinema lórí fóònù, wọ́n pariwo débi pé ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́. Bébà funfun tí a fi ń tẹ̀wé ni ó yẹ kí n gé, kí n fi isopropyl rin ín, kí n fi ìka kan mú un dúró gbọn-in lára àgbá, kí n sì máa fi ọwọ́ kejì yí àgbá náà jẹ́jẹ́. A kì í nù ún sókè sísàlẹ̀. Bébà náà jáde ní dúdú kirimú lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó mọ́. Orí náà kò ṣẹ́, orí tèmi ló gbè é.

Ọyẹ́ ṣe wá lóore

Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni mo fi fọ àwọn tó bu, nítorí pé nígbà ọyẹ́, ohun tó hù sí wọn lára máa ń gbẹ, á sì ṣeé nù, bẹ́ẹ̀ ní àkókò òjò, á máa lẹ̀ bí ọ̀dà. Ìta gbangba ni mo ti ṣe é, mo fi ìbomú bo imú, mo sì kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ kejì tí kò wúlò fún wa tẹ́lẹ̀ rí iṣẹ́ gbà níbẹ̀: mo so aṣọ tó jọ̀lọ̀ tí kì í yọ fọ́nrán mọ́ ojú ọ̀nà okùn nínú rẹ̀, mo sì ń fi í yí okùn lọ yí i bọ̀ láìjẹ́ kí ó kan àgbá. Káséètì tó bu kò wọ inú ẹ̀rọ rere títí a fi rí i pé aṣọ kò mú nǹkan funfun kankan jáde lára rẹ̀ mọ́. Wákàtí méjì ni ọ̀kan máa ń gbà, ẹ̀yìn sì máa ń ro mí lálẹ́.

Àwọn tó já rọrùn. Ìdè márùn-ún ló de ilé káséètì kọ̀ọ̀kan. Mo tú u, mo gé ojú méjèèjì tó já kí ó lè gún, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ láti ẹ̀yìn okùn pẹ̀lú gọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, mo sì to kẹ̀kẹ́ wọn sínú ilé mìíràn tí kò sán. Sẹ́lótéèpù lásán kò dára, nítorí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ṣàn nínú ooru, á sì lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ.

Láti inú okùn dé inú kọ̀ǹpútà

Níbí ni mo rò pé iṣẹ́ ti fẹ́ tán, ibẹ̀ ló sì gba àkókò jù. Mo so wáyà àwòrán àti wáyà ohùn mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé e wọ kọ̀ǹpútà alágbèéká, àwòrán sì jáde, àmọ́ orí gbogbo ènìyàn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí koríko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nígbà tí yóò fi di ogójì ìṣẹ́jú, ẹnu àti ohùn kò bá ara wọn lọ mọ́. Ènìyàn á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé okùn àtijọ́ kì í sáré déédéé, ìgbà kan á yá, ìgbà kan á lọ́ra, kọ̀ǹpútà sì ń retí àwòrán 25 geere ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó wá ń ju èyí tó bá pẹ́ dé nù. Ẹ̀rọ DVD àtijọ́ kan tó lè gba àwòrán sílẹ̀ ló yanjú rẹ̀: a gba àwòrán inú rẹ̀ kọjá kí ó tó dé kọ̀ǹpútà, ó sì ń to ìlà wọn fún wa lójú ọ̀nà.

Ohùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ariwo kan wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó ń kùn bí oyin nínú igbá. Mo fura sí káséètì, mo fura sí wáyà, mo pààrọ̀ méjèèjì. Ọjọ́ tí iná lọ lójijì, tí ínfátà gba iṣẹ́, tí mo sì yọ ṣájà kọ̀ǹpútà láti dín ẹrù rẹ̀ kù, ni ariwo náà dákẹ́. Láti ara ṣájà ló ti ń wá. Láti ọjọ́ náà, bátìrì inú kọ̀ǹpútà nìkan ni mo fi ń gba ohùn. Gbogbo ẹ̀rọ tó kù kò jẹ tó wáàtì 100, bátìrì ínfátà kan ṣoṣo tó jẹ́ fóòtì 12, 200Ah, sì ń gbé wọn fún bí wákàtí mẹ́wàá láìjẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì.

A gba àwọn ìpàdé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti àwọn eré orí ìtàgé sílẹ̀ ní irú ìfúnpọ̀ tí kì í gé ohunkóhun kúrò nínú àwòrán, èyí tó ń gba nǹkan bíi 30GB fún wákàtí kan. A fún àwọn ìkómọ àti ìṣílé pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé owó háádì dísíìkì kì í ṣe eré. Ọ̀rẹ́ mi kan kò fara mọ́ èyí. Ó ní ta ni ó fún mi láṣẹ láti pinnu pé ìkómọ ẹnì kan kéré sí ìpàdé. N kò tíì rí èsì fún un. Dísíìkì méjì ni gbogbo rẹ̀ wà lórí wọn, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, èkejì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó jìnnà sí odò, nítorí ohun tí omi ti fojú wa rí.

Ohun tó wà nínú wọn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sinimá Yorùbá ṣe di ohun tí a ń wò nínú yàrá gbọ́dọ̀ wo káséètì keje. Àwọn òṣèré alárìnká ni, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, ní ọdún 1989. Láti ọdún 1945 tí Hubert Ogunde ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ni irú wọn ti ń gbé eré kiri. Láti ọdún 1976 tí sinimá elédè Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde, àwọn tó lágbára nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sinimá àti ẹ̀rọ rẹ̀ kiri ìlú fúnra wọn, nítorí pé wọn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni láti fi iṣẹ́ wọn sí lọ́wọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, owó fíìmù di ohun tí apá wọn kò ká mọ́, káséètì fídíò sì gbapò. Nínú káséètì keje, òṣèré kan dá eré dúró lójijì, ó na ọwọ́ sí Bàbá Oníkámẹ́rà, ó béèrè bóyá wọ́n fẹ́ lọ tà á ni. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò pa kámẹ́rà, a sì gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Àwọn ará ilé mi ni n ó fi hàn.”

Kí a tó fi ohunkóhun hàn ẹnikẹ́ni, a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ fún àwọn tó ni ín. A kò fi ìsìnkú kankan hàn ní gbangba. Àwọn àgbà eléégún wá jókòó nínú yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wo ti ọdún eégún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ní kí a yọ ìṣẹ́jú mẹ́fà tí kámẹ́rà fi sún mọ́ ìgbàlẹ̀ jù kúrò nínú èyí tí gbogbo ayé yóò rí. A yọ ọ́ láìjiyàn.

Káséètì tó ń jẹ́ “Ìpàdé Àdúgbò, 1993” ló fún mi ní iṣẹ́ jù. Ó wà lára àwọn tó bu, etí òkè okùn rẹ̀ ti hó ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn àgbà jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń rántí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí Ògùnpa kún àkúnya tí ó sì gbé ènìyàn àti ilé lọ, wọ́n ń sọ pé Kúdẹtì náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá há a mọ́. Alága ìpàdé wá dìde, wọ́n ní ìpàdé ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ìpìlẹ̀ ilé sí etí odò àyàfi bí ó bá fi iye ẹsẹ̀ bàtà kan pàtó sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ iye rẹ̀ gan-an ni ohùn ti wọlẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ogún, ó lè jẹ́ ọgbọ̀n. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo yẹn. Bí mo bá dín ariwo kù, ariwo á gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì gbọ́ ogún, ẹnì kan gbọ́ ọgbọ̀n.

A lè retí pé akọ̀wé yóò tún iye náà kà. Ó dìde lóòótọ́ láti ka ìwé àdéhùn àti orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu, àwòrán fọ́, pápá bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé sì yọ jáde. Nàìjíríà àti Ítálì ni, ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994. Ọmọ ilé kan ló gbà á sórí rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣẹ́ ike ẹ̀yìn káséètì náà nígbà yẹn. Inú bí mi gan-an, síbẹ̀ mo jókòó, mo wo ìgbà tí Amunike gbá tiwa wọlé, mo sì wò ó dé ìṣẹ́jú 88 tí Roberto Baggio dá a padà, bí ẹni pé ó lè yí padà lọ́tẹ̀ yìí.

Alẹ́ tí a ta aṣọ

Ìparí oṣù Kejì ni a fi hàn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọ kan yá wa ní pòròjẹ́tọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lumen 3,000. Aṣọ funfun nìkan ni a kọ́kọ́ ta sáàárín ọparun méjì, àwọn ọmọdé sì sáré lọ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wò ó láti ibẹ̀ lódì-lódì. Ìyẹn ló jẹ́ kí a mọ̀ pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ wa ń là á kọjá. A rán aṣọ dúdú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àwòrán sì ki pọ́pọ́. A rọ iyanrìn sínú ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà sọ ọ́ di ìgbòkun. Àwòrán náà fẹ̀ ní mítà 2.4, ó ga ní 1.8, pòròjẹ́tọ̀ sì jìnnà sí i ní mítà 3.6. Aago méje ààbọ̀ ni ilẹ̀ tó ṣú dáadáa.

Àwọn tó wá kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín ara wọn: irun ìgbà yẹn, bàtà ìgbà yẹn, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà yẹn. Nígbà tí Màmá Oníkámẹ́rà gbọ́ ohùn ọkọ wọn lẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n fi ìdí gèlè bo ojú, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìpàdé ni a fi sẹ́yìn. Bí ó ti dé ibi iye ẹsẹ̀ bàtà, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí ilé wọn sún mọ́ odò jù sọ pé ogún ni bàbá àwọn sọ fún àwọn. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, ọgbọ̀n ni.

Bàbá onígángan kan, ọmọ àyàn, jókòó lápá òsì. Wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ fi sí i. Mo tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n di ojú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa gángan wọn mọ́ra, wọ́n sì lù ú: re, dò, dò, dò, lẹ́yìn ìyẹn re, dò. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti lọ. Ohùn ni kí ẹ gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ogún ni, ohùn á gòkè ní ìparí. Ohùn ọkùnrin yìí wálẹ̀.” Wọ́n lu ti ogún fún wa láti fi wé e, re, mí, gbogbo wa sì gbọ́ pé kì í ṣe òun. Nígbà tí mo délé, mo ní kí kọ̀ǹpútà ya ìlà ìgòkè-gòdò ohùn náà fún mi. Ìlà náà ń lọ sísàlẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e

Ẹ̀gbọ́n onílé náà ló fúnra wọn pè mí láàárọ̀ pé kí a mú tépù ìwọnlẹ̀ wá. Wọ́n ní àwọn kò sá fún ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà omíyalé, odò gé lára bèbè rẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ tiwọn, àti pé kì í ṣe àwọn nìkan ló sún mọ́ odò, odò náà sún mọ́ àwọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, òótọ́ sì ni pé bèbè ibẹ̀ ti jẹ wọnú. Wọ́n di orí tépù mú mọ́ ẹsẹ̀ ògiri wọn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi fà á sọ̀kalẹ̀ láàárín koríko títí dé ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀, mo sì pe nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ sókè: ẹsẹ̀ bàtà 22.

Wọ́n ní kí a tún un wọ̀n. A tún un wọ̀n.